Háítì ni ẹ yọ sílẹ̀ nínú ìtàn òmìnira

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yín kú iṣẹ́. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí bí àwọn èrò ìṣèlú òde òní ṣe bẹ̀rẹ̀, níbi tí òǹkọ̀wé rẹ̀ ti ṣàlàyé pé láti inú ìyípadà tegbò-tigaga tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1789 ni àwọn lìbẹ́rà (àwọn tó ń polongo òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan), àwọn kọnsáfétífù (àwọn tó fẹ́ kí ètò àtijọ́ dúró) àti àwọn sósíálístì (àwọn tó fẹ́ kí ọrọ̀ ìlú jẹ́ ti gbogbo ènìyàn) ti jáde, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti ń bá ara wọn fà á láti ìgbà náà wá. Àlàyé náà yé mi yékéyéké, mo sì gbóríyìn fún òǹkọ̀wé náà. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dárúkọ Háítì, orílẹ̀-èdè adúláwọ̀ tó wà ní erékùṣù Káríbéánì, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò mẹ́nu ba ilẹ̀ kankan tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ òmìnira wọ̀nyẹn ń jẹ gàba lé lórí ní àkókò kan náà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọ̀hún. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí èrò ìṣèlú kan jẹ́ ní ti gidi, ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn ló yẹ kó ti lọ wò ó, nítorí pé ní olú-ìlú, ẹnu dídùn kò wọ́n ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 1789, ilé ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ènìyàn àti ti Ọmọ Orílẹ̀-èdè. Abala kìíní rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀, pé òmìnira ni wọ́n bí ènìyàn mọ́, àti pé ọgbọọgba ni ẹ̀tọ́ gbogbo wọn. Abala kẹtàdínlógún, tí í ṣe èyí tó kẹ́yìn, ni àwọn ènìyàn kì í sábà kà dé. Ohun tó wí ni pé dúkìá jẹ́ ẹ̀tọ́ mímọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, àfi bí ire gbogbo ìlú bá béèrè rẹ̀, tí wọ́n sì ti kọ́kọ́ san owó tó tọ́ fún un. Ní Saint-Domingue, ìyẹn ilẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Háítì, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni òfin Faransé kà sí dúkìá lọ́dún náà, bẹ́ẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 40,000 lọ. Àwọn ẹrú yìí ló ń gé ìrèké, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì ń sè é nínú agbada gbígbóná títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, débi pé nínú ṣúgà àti kọfí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, ohun tó sún mọ́ ìdajì ló ń ti ilẹ̀ kékeré yìí wá. Wọ́n ń kú bí ẹni pé wọn kò jẹ́ nǹkan kan. Lọ́dọọdún ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn dé láti Áfíríkà láti fi rọ́pò àwọn tó ti lọ. Kí wá ni kí ẹni tó jẹ́ ènìyàn lábẹ́ abala kìíní, tó sì jẹ́ dúkìá lábẹ́ abala kẹtàdínlógún, ṣe? Àwọn olóko tó ń gbé Párísì, tí wọ́n ń pàdé nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Club Massiac, mọ ìdáhùn tó wù wọ́n, wọ́n sì sa gbogbo ipá wọn lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin kí ìdáhùn náà má baà yí padà.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ara gbá a ni Vincent Ogé. Aláwọ̀ dúdú àti funfun pọ̀ nínú ìdílé rẹ̀, ó lówó lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹrú, kò sì sọ pé kí wọ́n dá ẹrú kankan sílẹ̀. Ohun tó lọ bá àwọn olóko ní Párísì sọ kò ju pé kí irú àwọn bíi tòun, tí wọ́n jẹ́ ọmọ òmìnira tí wọ́n sì ń san owó orí, ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Nígbà tí wọn kò gbọ́ tirẹ̀, ó padà sílé ní oṣù kẹwàá ọdún 1790, ó kó àwọn ènìyàn díẹ̀ jọ, ó gbé ìjà dìde, apá kò ká a. Ní oṣù kejì ọdún 1791, wọ́n dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ ní gbangba ìlú Cap-Français, wọ́n sì fọ́ egungun rẹ̀ títí ó fi kú. Ọdún kejì ìyípadà tí wọ́n fi òmìnira àti ìdọ́gba polongo rẹ̀ nìyẹn.

Oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn ìyẹn, ní òru ọjọ́ 22 mọ́jú ọjọ́ 23, oṣù kẹjọ, ọdún 1791, àwọn ẹrú tó wà ní ìhà àríwá dìde. Boukman wà lára àwọn aṣáájú wọn, ìtàn sì sọ pé wọ́n ti ṣe ìmùlẹ̀ nínú igbó kan tí wọ́n ń pè ní Bois Caïman kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún oko ti di eérú. Òótọ́ ni pé ìròyìn Párísì ti dé etí wọn, àmọ́ n kò gbà pé Párísì ló kọ́ wọn ní ohun tí òmìnira jẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n bí ní Áfíríkà, tí wọ́n sì rántí ayé tí wọ́n ti gbé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ara rẹ̀. Àwọn ọmọ Kóńgò pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Àwọn baba ńlá tiwa náà wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Nago, Ògún tí wọ́n sì gbé dání ni àwọn ará Háítì ṣì ń bọ lónìí lábẹ́ orúkọ Ogou.

Ìgbà tí iná náà jó dé góńgó ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí wọn. Ní ọdún 1793, ilẹ̀ Faransé ń bá Sípéènì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jagun, àwọn méjèèjì sì fẹ́ gba Saint-Domingue. Sonthonax, aṣojú ìjọba Faransé níbẹ̀, kò ní ọmọ ogun tó tó. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ, ó kéde pé gbogbo ẹrú ìhà àríwá ti di òmìnira, kí wọ́n lè gbè sẹ́yìn òun lójú ogun. Wọ́n wá yan aṣojú mẹ́ta tí yóò lọ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní Párísì: aláwọ̀ funfun kan, aláwọ̀ méjì kan, àti Jean-Baptiste Belley, ọkùnrin adúláwọ̀ tó ti fìgbà kan jẹ́ ẹrú. Ọjọ́ kejì tí wọ́n gbà wọ́n wọlé, ìyẹn ọjọ́ 4, oṣù kejì, ọdún 1794, ni ilé ìgbìmọ̀ náà fagi lé oko ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé.

Àwòrán Belley kan wà tí Girodet yà lọ́dún 1797, tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa. Belley wọ aṣọ oyè aṣòfin, ó di ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ Faransé mọ́ ìbàdí, ó sì fẹ̀yìn ti ère òkúta funfun kan, bí ẹni tó ń sinmi. Orí Raynal ni ère náà, àlùfáà Faransé tó ti gbé ìwé jáde lórí ìwà ìkà àwọn olóko. Raynal ti kú nígbà náà. Ẹni tó fi gègé gbèjà òmìnira ti di òkúta, ẹni tó fi ara rẹ̀ jà fún un ló dúró láàyè, tó ń wo iwájú, tí kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn wo ère náà. N kò mọ àlàyé tó lè fi bí òfin ọdún 1794 ṣe wáyé hàn ju àwòrán yẹn lọ.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo ń fi àwọn ará Háítì ṣe ẹni mímọ́. Toussaint Louverture, ẹrú àná tó di ọ̀gágun, gbé ìwé òfin jáde lọ́dún 1801, abala kẹta rẹ̀ sì sọ pé kò lè sí ẹrú lórí ilẹ̀ náà mọ́ láéláé. Ìwé òfin kan náà ló fi í jẹ gómìnà títí ọjọ́ ikú rẹ̀, òfin rẹ̀ sì dè àwọn àgbẹ̀ mọ́ oko tí wọ́n ti ń sìn tẹ́lẹ̀, tí ọmọ ogun ń ṣọ́ wọn, nítorí pé ṣúgà ni yóò ra ìbọn. Àwọn tó jà kí wọ́n lè ní ilẹ̀ tiwọn kò gba ìyẹn mọ́ra rárá. Ìjà tó wà láàrin ìjọba tó ń wá owó sí àpò ìlú àti àgbẹ̀ tó fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ òun ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni ní Yúróòpù tó máa pe ara rẹ̀ ní sósíálístì.

Napoleon, ọ̀gágun tó ti gba ìjọba ilẹ̀ Faransé, ló wá já gbogbo ìbòjú dànù. Ó rán Leclerc, ọkọ àbúrò rẹ̀, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ọmọ ogun àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 20, oṣù karùn-ún, ọdún 1802, òfin tuntun jáde pé kí oko ẹrú padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ bíi Martinique, ó sì padà sí Guadeloupe pẹ̀lú. Wọ́n fi ẹ̀tàn mú Toussaint, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Fort de Joux ní orí òkè olótùútù kan ní ilẹ̀ Faransé, níbi tó kú sí ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1803. Àmọ́ ìròyìn Guadeloupe ti tan ká, kò sì sí ẹni tó tún gba ọ̀rọ̀ Faransé gbọ́ mọ́. Ibà pọ́njú pa Leclerc àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ogun rẹ̀, Dessalines, ọ̀gágun Háítì tó ti wà lábẹ́ Toussaint tẹ́lẹ̀, sì ṣẹ́gun àwọn tó kù ní Vertières ní oṣù kọkànlá ọdún 1803. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1804, wọ́n kéde òmìnira Háítì ní ìlú Gonaïves. Lẹ́yìn ìyẹn ni Dessalines pa àwọn Faransé tó ṣẹ́ kù sílẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, èyí tí kò sí àwáwí tó lè sọ ọ́ di ohun rere.

Ohun kan wà nínú ìwé òfin ọdún 1805 tí n kò rí irú rẹ̀ níbòmíràn ní àkókò náà. Napoleon ti kó àwọn ọmọ ogun Pólàǹdì lọ síbẹ̀, àwọn tó ń jà fún un pẹ̀lú ìrètí pé yóò ran ilẹ̀ tiwọn lọ́wọ́ láti gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn ọba tó pín in mọ́wọ́. Àwọn kan nínú wọn kọ̀ láti jà fún Faransé mọ́, wọ́n sì dúró sí Háítì. Ìwé òfin náà wá sọ pé aláwọ̀ funfun kankan kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Háítì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tàbí onílẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ àwọn ọmọ Pólàǹdì àti ọmọ Jámánì tí wọ́n ti di ọmọ ìlú sọ́tọ̀. Abala tó tẹ̀ lé e ní aláwọ̀ dúdú ni kí wọ́n máa pe gbogbo ọmọ Háítì láti ìgbà náà lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ Pólàǹdì tó funfun bí ẹyin di adúláwọ̀ lábẹ́ òfin. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí ìfẹ́ orílẹ̀-èdè, tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Jámánì àti Ítálì, kì í sábà kan èyí rárá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn mẹ́ta tí òǹkọ̀wé yín dárúkọ. Àwọn kọnsáfétífù ló gba ìjọba padà lẹ́yìn tí Napoleon ṣubú; ìpàdé Vienna ti ọdún 1814 sí 1815, tí Metternich, mínísítà ilẹ̀ Ọ́síríà, jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, dá àwọn ọba padà sórí ìtẹ́. Ní ọdún 1825, Charles X ti ilẹ̀ Faransé rán ọkọ̀ ogun lọ sí Háítì, ó ní òun yóò gbà pé wọ́n ti di òmìnira bí wọ́n bá san 150 mílíọ̀nù owó fránkì fún àwọn olóko tó pàdánù dúkìá wọn. Ààrẹ Boyer fọwọ́ sí i lójú ìbọn. Owó yẹn ju ohun tí gbogbo ìlú náà lè pa lọ́dún púpọ̀ lọ, nítorí náà ni Háítì ṣe lọ yá owó ní Párísì láti fi san gbèsè Párísì. Ẹ padà lọ wo abala kẹtàdínlógún: ọba tó kórìíra gbogbo ohun tí ọdún 1789 mú wá kò kórìíra abala yẹn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ìyípadà mìíràn lé Charles X lọ, àwọn lìbẹ́rà gorí àga pẹ̀lú ọba tuntun, Louis-Philippe. Wọn kò fagi lé gbèsè náà. Ní ọdún 1838, wọ́n dín in kù sí 90 mílíọ̀nù lápapọ̀, wọ́n sì ń gbà á lọ. Ọdún 1947 ni Háítì tó bọ́ nínú gbèsè tó so mọ́ ọn.

Àwọn lìbẹ́rà kan náà ló jogún Algiers, tí ọmọ ogun Charles X gbà lọ́dún 1830, wọ́n sì tẹ̀ síwájú láti gba gbogbo Àlgéríà. Alexis de Tocqueville, tí ayé ń yìn títí di òní fún ohun tó kọ lórí ìjọba àwa-ara-wa ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1841 pé jíjó irè oko àwọn ará Àlgéríà àti kíkó àwọn tí kò di ìhámọ́ra ogun jẹ́ ohun tó bani nínú jẹ́, ṣùgbọ́n tí ogun náà kò lè ṣe kí ó má ṣe. Ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ kò sì pẹ́ kó tó délé. Ní oṣù kẹrin ọdún 1848, ìjọba olómìnira tuntun fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ tó kù lábẹ́ Faransé, olówó ẹrú ni wọ́n sì padà sanwó fún, kì í ṣe ẹrú. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Párísì dìde nítorí àìríṣẹ́ṣe, ọ̀gágun Cavaignac, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ipò gómìnà Àlgéríà dé, ni wọ́n fi ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn ní àárín ìgboro, wọ́n sì kó lára àwọn tí wọ́n mú lọ sí Àlgéríà.

Ọ̀rọ̀ yìí tilẹ̀ máa ń dojú rú ju bí a ṣe rò lọ. Edmund Burke, tí àwọn kọnsáfétífù ń pè ní baba wọn, ẹni tó ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìyípadà ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1790, ni ẹni kan náà tó gbé Warren Hastings, gómìnà àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà tẹ́lẹ̀, lọ síwájú ilé aṣòfin àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1788 títí di 1795 nítorí ohun tí East India Company, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ gàba lórí Íńdíà, ṣe fún àwọn ará Bengal níbẹ̀. Wọ́n dá Hastings láre. John Stuart Mill, tí àwọn lìbẹ́rà fi ń yangàn, gbowó oṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà láti ọdún 1823 títí di 1858, ó sì kọ ọ́ lọ́dún 1859 pé ìjọba afipámúni tọ́ fún àwọn tí ojú wọn kò tíì là, bí a bá fẹ́ fi tún ayé wọn ṣe. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ará Íńdíà ìgbà náà ìbá pè ní ọ̀rẹ́?

Àwọn sósíálístì náà kò yọ nínú rẹ̀. Karl Marx kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan ní New York lọ́dún 1853 pé ìwà ìkà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń hù ní Íńdíà, síbẹ̀ ó ní yóò fọ́ ètò àtijọ́ túútúú kí tuntun lè wáyé. Lenin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba Rọ́ṣíà, kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 1917 pé gbogbo ẹ̀yà tó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà ní ẹ̀tọ́ láti ya kúrò bí wọ́n bá fẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 1921, àwọn ọmọ ogun pupa ti Lenin wọ Georgia, orílẹ̀-èdè tó ti ya kúrò lára Rọ́ṣíà, tí ìjọba rẹ̀ pàápàá jẹ́ ti àwọn sósíálístì, wọ́n sì fi ipá gbà á padà.

Ní ọjọ́ 8, oṣù kìíní, ọdún 1918, Ààrẹ Woodrow Wilson ti Amẹ́ríkà ka kókó mẹ́rìnlá rẹ̀ lórí bí àlàáfíà yóò ṣe wà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní síwájú àwọn aṣòfin, àwọn ènìyàn láti Kòréà dé Íjíbítì sì gbà pé ọjọ́ tí àwọn yóò yan ìjọba tiwọn fúnra wọn ti dé. Lọ́jọ́ tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, ó ti lé ní ọdún méjì tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti gba Háítì. Oṣù keje ọdún 1915 ni wọ́n gúnlẹ̀, ọdún 1934 ni wọ́n tó lọ. Kí wọ́n tó dé rárá, ní oṣù kejìlá ọdún 1914, wọ́n ti gbé góòlù tó tó 500,000 dọ́là jáde láti ilé ìfowópamọ́ ìjọba Háítì, wọ́n gbé e lọ sí New York. Wọ́n fi ipá kó àwọn àgbẹ̀ ṣe ọ̀nà láìsan owó. Nígbà tí Charlemagne Péralte ko wọ́n lójú ogun, wọ́n pa á ní ọdún 1919, wọ́n so òkú rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ní ìnàró, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì pín fọ́tò náà káàkiri kí ẹ̀rù lè ba àwọn tó kù. Àwọn ará Háítì tó wo fọ́tò náà rí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú, wọ́n sì sọ ọ́ di ajẹ́rìíkú. Ọdún kan náà ni ìpàdé àlàáfíà ń lọ ní Párísì, níbi tí Jàpáánù ti béèrè pé kí wọ́n kọ ìdọ́gba àwọn orílẹ̀-èdè láìka àwọ̀ sí sínú ìwé àdéhùn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó jókòó gbà fún wọn, ṣùgbọ́n Wilson, tó jẹ́ alága, ní kò lè ṣeé ṣe nítorí pé kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹnu kò.

Olóòtú, bí àpilẹ̀kọ yẹn bá ní apá kejì, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí òǹkọ̀wé náà bẹ̀rẹ̀ láti Gonaïves ní ọdún 1804, kó sì sọ fún wa ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe nígbà tí ìwé gbèsè ọdún 1825 dé iwájú wọn. Mo ti sọ ohun tí àwọn kọnsáfétífù àti àwọn lìbẹ́rà ṣe. Ti àwọn sósíálístì ilẹ̀ Faransé ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín